Àwàdà "wọ́n gbà á tọ́ ni": ta ló dùn mọ́, ta ló sì dùn?

Ọjọ́ kejì Iléyá, ilé àǹtí mi kan ní Adéwọlé la wà. Ẹran ti kún inú gbogbo èèyàn, àwọn àgbà ti sùn lọ sórí àga, àwọn ọmọdé bíi mẹ́jọ wá gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ wa, wọ́n fi The Avengers sí i, èyí tó jáde lọ́dún 2012 yẹn, tí Loki ti fẹ́ sọ gbogbo ayé di ẹrú ẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ táwọn yòókù ti ń sọ̀rọ̀ Loki láìdáa, Thor wá ní kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn o, àbúrò òun ni. Obìnrin àárín wọn dá a lóhùn pé àbúrò ẹ yìí pa èèyàn 80 láàárín ọjọ́ méjì. Thor dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, wọ́n gbà á tọ́ ni.

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan wà láàárín àwọn ọmọ yẹn tó jẹ́ pé kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí àǹtí mi gbà á. Òun náà rín, ó tiẹ̀ pẹ́ kó tó dákẹ́ ju àwọn tó kù lọ. Ló bá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ fọ abọ́. Abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti dà dé látàárọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn sórí gúrúùpù WhatsApp ìdílé wa, mi ò dárúkọ ọmọ kankan o, mo kàn bi wọ́n pé ṣé irú àwàdà yẹn dáa. Háà, mo kábàámọ̀. Ẹnì kan ní fíìmù lásán ni, àwa ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá tí ẹnu wa dùn juyọ̀, ìgbà wo ni àwàdà wá di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹlòmíì ní adoption gan-an ni harámù, kí la tiẹ̀ ń sọ. Bọ̀ọ̀dà wa kan tó wà ní Ọ̀fà ní òun ò rí ìyàtọ̀ láàárín adoption àti ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tó máa fi di aago méjìlá òru, èèyàn méjì ti kúrò ní gúrúùpù. Mo wá rí i pé kì í ṣe Thor ló fa ìjà, ọ̀rọ̀ adoption yẹn ló ń rú gbogbo wa lójú, oníkálukú kàn ń jà lórí ohun tó wà lọ́kàn tiẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Kí ni adoption, ṣé òun náà la ń pè ní àgbàtọ́?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó gba nǹkan púpọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàtọ́. Tí àbúrò ẹ bá fi ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ láti Òmù-Àrán pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ẹ nítorí ilé ìwé, àgbàtọ́ ni. Tí bàbá àtìyá ọmọ bá kú tí ìyá àgbà kó àwọn ọmọ mọ́ra, àgbàtọ́ náà ni. Ọmọ tí wọ́n mú fún àáfáà tó ń kéwú tó ń sùn níbẹ̀ títí tó fi ṣe wòlímọ̀, kò jìnnà sí i. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọmọ mọ ẹni tó bí i, orúkọ wọn ló ń jẹ́, tó bá wu àwọn tó wà láyé nínú wọn lọ́la wọ́n lè wá mú un. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀ sínú fìríìjì aládùúgbò torí pé iná ò sí, fìríìjì lo yá, o ò ta ọbẹ̀.

Adoption tí fíìmù ń sọ yàtọ̀. Ìyẹn ni pé kóòtù fọwọ́ sí i pé láti òní lọ, ọmọ yìí ti di ọmọ tọkọtaya yìí, ẹ̀tọ́ táwọn tó bí i ní lórí ẹ̀ ti parí, àwọn tó gbà á ló ni gbogbo ẹ̀tọ́, àwọn náà ló sì ni gbogbo ẹrù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń gbin igi kajú sínú ọ̀rá kí wọ́n tó ṣí i lọ sóko. Nígbà tó bá so, kò sẹ́ni tó ń bi í pé inú ọ̀rá wo lo ti hù.

Òfin Child's Rights Act tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ, Kwara náà sì ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tiẹ̀. Nínú ti 2003 yẹn, tọkọtaya tó bá fẹ́ gba ọmọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ọdún 21 ó kéré tán ju ọmọ náà lọ. Ẹni tó dá wà gbọ́dọ̀ ti pé 35, ọmọ tó máa gbà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin bíi tiẹ̀ tàbí obìnrin bíi tiẹ̀. Ọmọ máa ti wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí kóòtù tó fọwọ́ sí i. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ogún náà ti yanjú lábẹ́ òfin yẹn, bí ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé ló rí. Ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn ń lọ mú bí ẹni ra ata lọ́jà Ìpàtà.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ní tiẹ̀, iṣẹ́ ló wá ṣe, ilé wọn wà níbì kan. Bọ̀ọ̀dà Ọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Kí ló wá pa wá lẹ́rìn-ín?

Àwàdà dà bí àkàrà, kò ṣeé dín láìsí epo. Epo ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo àwa tá a jókòó ti gbà láàárín ara wa tẹ́lẹ̀, aláwàdà kàn ń da ẹ̀wà lílọ̀ sí i ni. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ká ní Thor dákẹ́ díẹ̀ tó wá ní "ẹ̀wà ló fẹ́ràn jù." Kò sẹ́ni tó máa rín. Ká ní ó sọ pé "ó ga jù mí lọ." Gbogbo èèyàn á máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n "wọ́n gbà á tọ́ ni" pani lẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀, àtàgbà àtọmọdé, láìsí pé ẹnì kan ṣàlàyé, torí gbogbo wa ti mọ ohun tó ń sọ: tó bá jẹ́ pé wọ́n gbà á ni, a jẹ́ pé kì í ṣe àbúrò mi délẹ̀délẹ̀, ẹ má ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn.

Àwa náà ní tiwa o. Nínú ilé olórogún, lọ́jọ́ tí ọmọ bàbá ẹ bá di kọmíṣánnà, "ẹ̀gbọ́n mi" ni. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá wá mú un, "ọbàkan mi ni o, inú ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti jáde." Ohun tí Thor sọ gan-an nìyẹn, kò kàn gbọ́ Yorùbá ni.

Àwọn kan máa ní Thor ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe Loki. Ó ń ṣe bí ọkùnrin, ó ń gbèjà ẹbí, wọ́n fún un ní ìròyìn kan péré, ó sá. Mo gbà, ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yẹn sì dùn, bí ẹni tó ń fọ́nnu tí ojú tì lójijì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó gbà sá ńkọ́? Tí ilẹ̀kùn yẹn ò bá ti wà ní ṣíṣí nínú orí àwa tá à ń wò ó, ogiri ni ì bá forí sọ.

Ohun tó tún wá ká mi lára ni pé àwọn tó ni ìtàn yẹn fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń dunni. Nínú fíìmù Thor ti ọdún 2011, lẹ́yìn ogun ni Odin gbé Loki nílùú àwọn ọ̀tá, ọmọ jòjòló, ó gbé e wálé, ó tọ́ ọ bí ọmọ, kò sì sọ fún un. Ìgbà tí Loki dàgbà tó wá já sí i, àtibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Odindi fíìmù ni wọ́n fi sọ ìrora yẹn, ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fi ṣe àwàdà tí ò tó kéèyàn fi sín. Nígbà tó jáde, àwọn kan lókè òkun tọwọ́ bọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí Marvel, iléeṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, tọrọ àforíjì nítorí gbólóhùn yẹn, torí náà ẹ má rò pé èmi ni mo lọ wá wàhálà tí kò sí.

Ṣebí gbogbo wa ni wọ́n sọ fún pé wọ́n he wá létí odò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílùú yìí mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò fẹ́ fún ẹ lẹ́ran, ó ní "ìwọ gan-an, etí odò Asà ni mọ́mì ti he ẹ́." Tàbí orí ààtàn. Tàbí pé ìyá oníwàrà ló gbàgbé ẹ sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá mú ẹ. Èmi gbà á gbọ́ fún odindi ọjọ́ méjì nígbà tí mo wà ní pírámárì tú, mo lọ dúró síwájú dígí, mo ń wo imú mi, mo gbé fọ́tò bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ń fi wéra. Imú yẹn náà ni. Imú ńlá burúkú yẹn náà ni, alhamdulilahi. Mo padà sídìí ẹran mi.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí wà níbẹ̀. Àwàdà yẹn ò pa mí lára torí pé irọ́ ni, mo sì ní ibi tí mo lè sá lọ wò ó pé irọ́ ni. Dígí wà, fọ́tò wà, ìyá àgbà wà tó máa ní ojú òun báyìí ni wọ́n ṣe bí mi, òjò ń rọ̀, wọn ò tiẹ̀ rí mọ́tò. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ kan náà fún ọmọ tí wọ́n gbà. Dígí ò ní í dá a lóhùn. Kò sí ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Irọ́ tí wọ́n fi ń dá èmi lára yá, òótọ́ ni fún òun, òótọ́ tó ṣeé ṣe kó ti máa dá rò lóru láìsọ fún ẹnì kankan. Nítorí náà nígbà tí pálọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, èmi ń fi irọ́ ṣeré, òun ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tí gbogbo wa ti ń rò nípa òun látijọ́ nìyẹn.

Yorùbá ní a kì í fi ojú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án kà á. Àwọn tó pa òwe yẹn mọ bí nǹkan ṣe rí láyé tiwọn, ẹsẹ̀ wà níta, o ń rí i, o mọ ibi tó yẹ kó o ti pa ẹnu mọ́. Fíìmù ò ní ojú. Ó ń ka ìka ẹsẹ̀ sókè ketekete níwájú gbogbo ayé, kò sì lè mọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga. The Avengers yẹn pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ẹ wá ronú iye pálọ̀ tó ti wọ̀. Aláwàdà tó dúró níwájú yín níbi ìnáwó lè rí ojú ẹnì kan kó yára gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíì, onífíìmù ò ní irú àǹfààní yẹn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣé gbogbo fíìmù ló rí báyìí?

Rárá o, òmíì tiẹ̀ gbọ́n. Ẹ wo Kung Fu Panda ti 2008. Po jẹ́ páńdà, bàbá ẹ̀ sì jẹ́ ẹyẹ kan bíi pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tó ń ta núdùlù. Gbogbo wa tá à ń wò ó rí i pé nǹkan kan ò jọra, nínú fíìmù kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìgbà tó yá bàbá wá fojú le, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí òun ti sọ fún un tipẹ́. Àyà wa ti já, a ní ó ti dé. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àṣírí ọbẹ̀ ẹ̀! Àwa tá à ń ka ìka ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe Po. Nígbà tí apá kejì wá jáde lọ́dún 2011, wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, bàbá sọ bí òun ṣe rí i nínú àpótí tí wọ́n fi kó ewébẹ̀ wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Po wá àwọn tó bí i lọ, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, ó padà wálé wá bá bàbá ẹ̀ oníbúkà, ó ní ọmọ yín ni mí. Ẹ fi àwọn ọmọ yín wò ó.

Òdìkejì ẹ̀ ni Orphan tó jáde ní 2009, ìtàn ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà tó wá di apààyàn nínú ilé. Nínú ìpolówó tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní á ṣòro kéèyàn fẹ́ràn ọmọ tó gbà bíi ti ara ẹ̀. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ gbígbà fárí gá, iléeṣẹ́ Warner Bros. sì yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú ìpolówó. Ẹ ò rí i, wọ́n lè yọ ọ́, ayé ò sì parẹ́. Ti Superman ni mi ò lóye táwọn èèyàn ò kì í rántí, ọmọ tí wọ́n gbà ni, àwọn Kent àgbẹ̀ ló tọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ọmọ ààtàn torí pé ó lè fò.

Àwọn fíìmù Yorùbá wa ńkọ́? Mo fẹ́ràn wọn, ẹ má bá mi jà. Tiwa ò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní àwàdà, ààrá la máa ń fi í sán. Màmá ti wà lórí ibùsùn, ó ń mí gúlegúle, ó ní "Àkànní, sún mọ́ mi, èmi kọ́ ni mo bí ẹ." Gbì! Ìlù dún. Kámẹ́rà lọ sójú Àkànní, ó lọ sójú ìyàwó ẹ̀, ó padà sójú Àkànní, ìlù ṣì ń dún. Ẹni tó bá ti wo irú ẹ̀ bíi mẹ́wàá máa gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn gbé wọ sàréè ni kéèyàn gba ọmọ.

Ibí yìí sì ni tiwa ti le ju ti òyìnbó lọ. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọmọ gbígbà ò kì í dá rìn, ó máa ń fa ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní "ọmọ ọlọ́mọ ló ń pọ̀n", ọmọ kọ́ ni wọ́n ń bú, ìyá ni, ọmọ wá gbọ́ ọ nílẹ̀ ìyá. A ti gbọ́ ti obìnrin tó ń di aṣọ mọ́ ikùn fún oṣù mélòó kan, tàbí tó lọ sílùú mìíràn tó wá gbé ọmọ bọ̀, kí aládùúgbò má bàa mọ̀. Àwọn àgbà míì á gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó gba ọmọ ẹlòmíì tọ́, orí ọmọ yẹn á pe ọmọ tiẹ̀ wá. Ìfẹ́ ló wà nínú ìmọ̀ràn yẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ọmọ tí wọ́n torí ọmọ míì gbà wálé. Ó wá bọ́ sí pálọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, Thor ní wọ́n gbà á tọ́ ni. Thor ò mọ nǹkan kan nínú gbogbo eléyìí. Pálọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Ẹnì kan ní harámù ni

Mi ò kì í ṣe àáfáà, ohun tí gbogbo wa kà nílé kéwú ni mo fẹ́ sọ. Nínú Súúratul-Ahzáb, aáyà 4 àti 5, Ọlọ́hun sọ pé ọmọ tá a gbà kì í di ọmọ tá a bí, ó ní ká máa fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n. Ti Zayd ọmọ Hárísà, tí Ànábì gbà ṣe ọmọ, ni gbogbo wa mọ̀ dáadáa níbẹ̀, Zayd ọmọ Muhammad ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ó sì padà sí orúkọ bàbá ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé mùsùlùmí ní Ìlọrin fi ń tọ́ ọmọ láìpa orúkọ ẹ̀ dà. Ọmọ yẹn ò sí lára àwọn tó ń jogún, ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ ọ́ ní wàsíyà kó fún un nínú dúkìá ẹ̀, kó má ṣáà ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nítorí náà òótọ́ ni pé adoption ti kóòtù àti ohun tí Ìsìláàmù ní ká ṣe ò rí bákan náà, ẹni tó ní wọ́n yàtọ̀ ò jẹ̀bi.

Ohun tí wọn ò kì í kà tán ni ìyókù aáyà 5 yẹn. Ó ní tẹ́ ò bá mọ bàbá wọn, ọmọ ìyá yín nínú ẹ̀sìn ni wọ́n. Ọmọ ìyá! Thor ní kì í ṣe àbúrò mi, aáyà tẹ́ ẹ fi ń gbè é lẹ́yìn ní àbúrò yín ni. Súúratul-Hujuráát, aáyà 11, tún ní kí ìjọ kan má fi ìjọ kejì ṣe yẹ̀yẹ́, kẹ́ ẹ má máa fi orúkọ burúkú pe ara yín. Ànábì fúnra ẹ̀, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bàbá ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá àgbà ló tọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni Abu Talib ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ gbà á. Ọmọ kékeré tó ń ka Wad-Duhá nílé kéwú ní Òkè Àgọ̀dì mọ ibi tó ti ní ká má fìyà jẹ ọmọ òrukàn. Àwọn Krìstẹ́nì náà ní Mósè tó dàgbà láàfin Fáráò, wọ́n ní Ẹ́sítà tí Módékáì gbà ṣe ọmọ. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín, kó ṣáà má sọ pé ìsìn ló ní kóun rín.

Àwọn tó kàn gan-an, kí ni wọ́n ń sọ?

Ohùn wọn ò ṣọ̀kan, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ó ṣọ̀kan. Àwọn kan ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ara wọn ṣe é, mo mọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Táńkẹ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń sọ pé ọmọ ilé wọn ń pá lórí láti kékeré, á fọwọ́ pa irun ẹ̀, á ní "ire ni wọ́n ṣe fún mi." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, màmá ẹ̀ ló máa rín jù. Ìyẹn dùn. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ lè ka ìka ara ẹ̀, ó sì mọ iye tó kù.

Ti Steve Jobs tó dá Apple sílẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbà á láti ìkókó ni, ó sì mọ̀. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ó sọ fún ọmọbìnrin kan ládùúgbò wọn, ìyẹn bi í bóyá àwọn tó bí i ò fẹ́ ẹ ni. Ó sáré wọlé, ó ń sunkún. Àwọn òbí ẹ̀ wò ó lójú, wọ́n ní rárá, àwa la fọwọ́ ara wa yàn ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ aládùúgbò yẹn kì í ṣe èébú, ìbéèrè lásán ni, Jobs sì tún ń sọ ọ́ nígbà tó ti dàgbà tó ti lówó tán. Tí ìbéèrè lásán bá lè pẹ́ lára tó báyẹn, ẹ̀rín ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá wá bi mí pé ṣé àwàdà yìí ń dunni, tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, kì í sì ṣe gbogbo èèyàn. Àárín "ó dùn mọ́ mi" àti "ó dùn mí", mọ́ kékeré yẹn ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń dunni jù ni èyí tó jẹ́ pé kò lè pani lẹ́rìn-ín àfi tá a bá kọ́kọ́ gbà pé ọmọ yẹn kì í ṣe tiwa. Èyí tí ọmọ náà fúnra ẹ̀ dá, tàbí èyí tó ń fi òpè àwa tá à ń wòye ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lẹ́jọ́ bá wọn rò.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ tiyín ńkọ́?

Ẹ má pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí ẹni tó ṣe é rí, ó dá fíìmù dúró, ó ṣe wáàsí ogún ìṣẹ́jú, ojú ọmọ tó ń gbèjà ló pọ́n jù, torí kò sẹ́ni tó ń wò ó tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn wá ń wò ó. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Tó bá yá tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, nínú mọ́tò tàbí nídìí iṣẹ́ kan, ẹ lè bi í pé kí ló rí sí ibi tí Thor ti sọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá ní kò sí, kò sí náà ni, ẹ má tú u níṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà níwájú fíìmù, ìyẹn ni pé kí ọmọ ti gbọ́ ìtàn ara ẹ̀ lẹ́nu yín láti kékeré, díẹ̀díẹ̀ bí orí ẹ̀ ṣe gbé e, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu Thor ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nípa odò Asà yẹn.

Ní ti ọmọ tó lọ fọ abọ́, mo bá a ní kíṣìnì. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo kàn mú aṣọ ìnubọ́, mo ń nu abọ́ tó ti gbẹ. A nu bíi mẹ́rin. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dà, ṣé Thor yẹn padà gba àbúrò ẹ̀?" Mo ní ọ̀rọ̀ wọn gùn, wọ́n jà, wọ́n parí ẹ̀, wọ́n tún jà, ṣùgbọ́n nínú èyí tó jáde ní 2018, Thanos ọ̀tá wọn fún Loki lọ́rùn pa níṣojú Thor, Thor rákò lọ bá òkú ẹ̀, ó gbé orí lé e láyà, ó ń sunkún, ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú ẹ̀ ń jóná, kò dìde.

"Kò sọ pé wọ́n gbà á tọ́ ni?"

Mo ní rárá, lọ́jọ́ yẹn kò sọ ọ́. Ó ronú sí i díẹ̀, ó wá ní kí n bá òun gbé abọ́ ńlá yẹn sókè, ọwọ́ òun ò tó o.